Kíkọ́ ọmọ kíláàsì kẹfà nípa àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Kánádà: ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

TíṣàTuntun
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́. Kíláàsì kẹfà ni mò ń kọ́ ní Winnipeg, ọmọ 26. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo ní, wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ìtàn Kánádà láti 1867 títí di òní ni iṣẹ́ ọdún yìí, wọ́n sì ní ti àwọn ọmọ ìbílẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ àfikún lásán. Ètò mi rèé: ọ̀sẹ̀ kìíní, bí wọ́n ṣe ń gbé kí òyìnbó tó dé, ilé, oúnjẹ, aṣọ, ìkejì, ìwé àdéhùn tí wọ́n bá ìjọba ṣe, ìkẹta, residential school (ilé-ìwé tí wọ́n fi òfin kó ọmọ ìbílẹ̀ lọ gbé), ìkẹrin, iṣẹ́ ọwọ́, káwọn ọmọ ṣe dreamcatcher (òrùka tí wọ́n hun okùn sí bí àwọ̀n, tí wọ́n so ìyẹ́ mọ́) ká gbé e kọ́ ògiri. Ọmọ Cree méjì wà ní kíláàsì náà, Métis kan. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Mo tún fẹ́ kọ lẹ́tà sáwọn òbí, àwọn Yorùbá sì wà nínú wọn. Ṣé "ọmọ onílẹ̀" ni kí n pè wọ́n?

ÌyáOníwèé
Ẹ má ṣe é! Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ l'Ékòó rí, tó bá gbọ́ "ọmọ onílẹ̀," gìrìpá tó ń gba owó ìpìlẹ̀ ló máa rò. "Ọmọ ìbílẹ̀" dáa tó.

Ṣùgbọ́n ìyẹn náà, orúkọ àpapọ̀ ni. Abala 35 òfin ìpìlẹ̀ Kánádà ti 1982 dárúkọ mẹ́ta: àwọn tó pè ní Indian (First Nations ni wọ́n ń jẹ́ báyìí), Inuit (àwọn ti ìhà àríwá), àti Métis. Lábẹ́ First Nations nìkan, ìran tó wà níbẹ̀ pọ̀, èdè wọn ò sì bára mu. Ní Manitoba níbẹ̀ yẹn, Anishinaabe wà, Cree wà, Anishininiw, Dakota, Dene. Tí ẹ bá mọ ìran tí ọ̀rọ̀ kàn, ẹ dárúkọ rẹ̀. Àwa náà kì í fẹ́ kí wọ́n máa bi wá pé ṣé a gbọ́ "èdè Áfíríkà."

Nǹkan kéékèèké méjì: "Inuit" ti jẹ́ ọ̀pọ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni Inuk. "Indian" sì wà nínú òfin 1876 tó ń jẹ́ Indian Act, ó ṣì wà níbẹ̀ dòní, torí náà àwọn ọmọ máa rí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé orúkọ òfin ni, wọn kò gbọdọ̀ fi pe èèyàn.

Ẹ̀gbọ́nTíṣà
Ètò yẹn dorí kodò. Ọmọ tó bá fi ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wo àgọ́ awọ àti ẹfọ̀n, ohun tó máa mú délé ni pé àwọn èèyàn kan wà nígbà kan rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kù ò ní lè tú u kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òní, kí ẹ máa fà á lọ sẹ́yìn.

Winnipeg lẹ wà, ẹ̀kọ́ náà wà lẹ́nu ẹ̀rọ omi yín. Ẹ bu omi ẹ̀rọ sínú ife, ẹ gbé e sórí tábìlì, ẹ bi wọ́n pé ibo ló ti wá. Shoal Lake ni, lẹ́bàá ààlà Manitoba àti Ontario. Ọ̀nà omi tí wọ́n kọ́ láti ibẹ̀ wọ ìlú gùn tó bíi kìlómítà 155, ó sì parí ní 1919. Kí omi tó dé ọ̀dọ̀ yín lè mọ́, wọ́n mọ odi, wọ́n gbẹ́ kànáà, wọ́n fi darí omi dúdú Falcon River kúrò níbi tí ìlú ti ń fà mu. Ibi tí wọ́n darí rẹ̀ sí ni apá ọ̀dọ̀ àwọn Anishinaabe Shoal Lake 40. Kànáà yẹn kan náà ló gé ilẹ̀ wọn kúrò lára ilẹ̀ ńlá, wọ́n di ará erékùṣù. Láti 1997 ni wọ́n ti ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má mu omi ẹ̀rọ láìsè é. Freedom Road tó so wọ́n mọ́ òpópónà ṣí ní 2019. Oṣù Kẹsàn-án 2021 ni ilé ìfọmọ́ omi tiwọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí ìkìlọ̀ sì kúrò.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é: okùn kan, sẹ̀ǹtímítà 2 dúró fún ọdún kan. Láti 1919 sí 2021 jẹ́ ọdún 102, nítorí náà okùn yín á gùn tó sẹ̀ǹtímítà 204, ó ku díẹ̀ kó gba gbogbo pátákó ìkọ̀wé. Ẹ fi rìbọ́ọ̀nù pupa we láti 1997 sí 2021, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 48. Ẹ so káàdì mọ́ 1919, 1997, 2019, 2021. Kí ẹ má sọ ohunkóhun fún ìṣẹ́jú méjì. Àwọn ọmọ ló máa kọ́kọ́ sọ pé ojú ọ̀nà náà gba 100 ọdún gééré.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́: bí ẹ bá kọ́kọ́ fi àwòrán ìgò omi tí wọ́n tò jọ hàn wọ́n, ọmọ kan á ní "kí ló dé tí wọn ò lè tọ́jú omi wọn?" Ẹ fi máàpù kànáà hàn wọ́n ṣáájú gbogbo àwòrán. Okùnfà ni kó kọ́kọ́ wọlé. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n wá ṣírò ìdí tí kíkọ́ ilé omi fi wọ́n: kò sójú ọ̀nà, símẹ́ǹtì àti irin ní láti gba orí omi tàbí orí yìnyín kọjá, ìjọba àpapọ̀ ló sì ń bójú tó owó reserve (ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún First Nations), nígbà tí ti ìlú jẹ́ ti ìlú àti ìpínlẹ̀.

Gègé_Dúdú
Mo fara mọ́ Ẹ̀gbọ́n. Ẹ fi Neskantaga ní Ontario kún un kí wọ́n má bàa rò pé ọ̀ràn ti tán: láti 1995 ni ìkìlọ̀ tiwọn ti bẹ̀rẹ̀, ó sì lé ní ọdún 25 lẹ́yìn náà tí kò tíì kúrò. Ìjọba àpapọ̀ ṣèlérí pé gbogbo ìkìlọ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́ (èyí tó ti lé ní ọdún kan) máa kásẹ̀ nílẹ̀ kí Oṣù Kẹta 2021 tó parí; kò rí bẹ́ẹ̀. Iye tó kù máa ń yí padà, nítorí náà ẹ má tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé iṣẹ́. Ẹ ṣí ojú-ewé Indigenous Services Canada (ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ yìí) láàárọ̀ ọjọ́ ẹ̀kọ́ kí ẹ kà á níbẹ̀.

Ní ti ìwé àdéhùn, ẹ gbé e wọ inú ìṣirò. Orí ilẹ̀ Treaty 1 (àdéhùn kìíní) lẹ wà, wọ́n fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 3 Oṣù Kẹjọ 1871 ní Lower Fort Garry. Ilẹ̀ reserve: éékà 160 fún ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún. Treaty 3, tí Shoal Lake wà lábẹ́ rẹ̀, 1873: éékà 640 fún irú ìdílé kan náà. Ẹ ní kí wọ́n pín in: 32 fún ẹnì kan níhìn-ín, 128 lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà ẹ bi wọ́n léèrè ìdí. Àwọn Anishinaabe Treaty 3 kọ ohun tí ìjọba gbé wá ní 1871, wọ́n tún kọ̀ ọ́ ní 1872, kó tó di pé wọ́n gbà ní 1873. Ọmọ ọdún 11 mọ ohun tí wọ́n ń pè ní nínáàjà, ó máa yé e kíá pé àwọn tó ń nájà ni wọ́n, wọn kì í ṣe ẹni tí wọ́n kàn kó ìwé síwájú rẹ̀. Owó ọdọọdún náà wà níbẹ̀, 5 dọ́là fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láti 1871 títí dòní.

Ẹfunìkọ̀wé
Àtúnṣe díẹ̀, Gègé. 3 dọ́là ni Treaty 1 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. 1875 ló di 5, ìdí rẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ tó dùn jù níbẹ̀. Àwọn aṣojú ìjọba ti fẹnu ṣèlérí ẹran ọ̀sìn, ohun èlò oko àti aṣọ fáwọn olóyè, kò sí èyí tó wọnú ìwé. Àwọn olóyè ò yéé jà á. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin ìjọba gbà, wọ́n so àwọn "ìlérí ìta" yẹn mọ́ àdéhùn, wọ́n sì fi 2 dọ́là lé owó náà.

Ẹ pín kíláàsì sí méjì. Apá kan gba ohun tó wà nínú ìwé, apá kejì gba àkójọ ohun tí wọ́n fẹnu sọ. Kí wọ́n má fi han ara wọn. Kí apá kọ̀ọ̀kan kọ ohun tó gbà pé àdéhùn náà jẹ́, kí wọ́n wá kà á síta. Ìjà tó máa bẹ́ sílẹ̀ nìyẹn, ẹ jẹ́ kó bẹ́. Nínú àṣà tí ọ̀rọ̀ ẹnu ti jẹ́ ẹ̀rí, ìwé nìkan kọ́ ni àdéhùn.

Ẹ̀rọ ìṣirò owó Bank of Canada wúlò láti fi wo ohun tí 5 dọ́là ayé àtijọ́ tó lónìí, àmọ́ 1914 ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó bá tẹ 1875, kò ní gbà. Ẹ ní kí wọ́n fi 1914 ṣe é: ó máa lé ní 100 dọ́là. Owó tí wọ́n ń san ṣì jẹ́ 5.

Gègé_Dúdú
Òótọ́ ni, 3 ni. Ẹ ṣé.

Oníròyìn_Kíláàsì
Fún ọ̀sẹ̀ residential school, ṣíṣe é bí eré máa ń wọ ọmọ lára. Kí olùkọ́ gba báàgì wọn lẹ́nu ọ̀nà, kó fún wọn ní nọ́ńbà dípò orúkọ, kó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ èdè ilé rẹ̀ títí di ọ̀sán. Wọ́n á mọ bó ṣe rí.

ÌyáOníwèé
Rárá o. Wọn ò ní mọ bó ṣe rí. Wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn náà ìyá wọn á wá mú wọn, eré ni wọ́n á rántí. Àwọn kan á rẹ́rìn-ín, èyí tí ìyá ìyá rẹ̀ sì lọ síbẹ̀ á jókòó sáàárín ẹ̀rín yẹn. Kò sí ìgbà tí irú eré yìí kì í pa ẹni tí kò yẹ lára. Bákan náà ni fìlà ìyẹ́ bébà, "yan orúkọ Indian tìẹ," àti òpó totem tí wọ́n fi páálí tíṣù ṣe. Òpó totem jẹ́ ti àwọn ìran etíkun ìwọ̀-oòrùn, Haida, Tsimshian àti àwọn mìíràn. Kò kan ibi tí ẹ wà rárá, ohun ìdílé sì tún ni.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni ìwé ẹ̀rí. Ẹ mú àtúnṣe Indian Act ti 1920 tó sọ lílọ di túláàsì. Ẹ mú ètò ọjọ́ kan: fún ọ̀pọ̀ ọdún, ààbọ̀ ọjọ́ ni kíláàsì, ààbọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, oko, ìfọṣọ, ìdáná. Ẹ ní kí wọ́n fi wé tiwọn, kí wọ́n ka iye wákàtí ẹ̀kọ́ tí ọmọ náà pàdánù lọ́dún. Wọ́n á lóye ju kí wọ́n so nọ́ńbà mọ́ ọrùn lọ. Lẹ́yìn náà ẹ sọ fún wọn pé ó lé ní 150,000 ọmọ tó gba ibẹ̀ kọjá, pé ó lé ní 4,000 tí àkọsílẹ̀ fi hàn pé wọn ò padà wálé, pé láàárín Winnipeg níbẹ̀ ni ọ̀kan nínú wọn, Assiniboia, wà, láti 1958 sí 1973. Ó máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu pé kò jìnnà.

Àti fáwọn òbí Yorùbá yẹn: nínú lẹ́tà, ẹ má pè é ní bọ́dìn. Bọ́dìn lójú tiwa, òbí ló fẹ́ ẹ, òbí ló sanwó, ọmọ ń bọ̀ wálé lọ́dún. Ẹ kọ ọ́ gbọọrọ: ilé-ìwé tí ìjọba àti ṣọ́ọ̀ṣì fi òfin kó àwọn ọmọ lọ gbé, kí wọ́n lè gbàgbé èdè àti àṣà ilé wọn.

Oníròyìn_Kíláàsì
Mo ti gbọ́, Ìyá. Blanket Exercise ti KAIROS (ẹgbẹ́ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì) ńkọ́, èyí tí wọ́n ti ń dúró lórí bùláńkẹ́ẹ̀tì tó dúró fún ilẹ̀, tí wọ́n ń ká a kúrò díẹ̀díẹ̀? Òun náà dà bí eré.

Ẹ̀gbọ́nTíṣà
Ìyẹn yàtọ̀, láti 1997 ni wọ́n ti ń ṣe é, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ wà lára àwọn tó ṣètò rẹ̀. Aṣíwájú tó gba ẹ̀kọ́ ló ń darí rẹ̀, àgbà kan máa ń wà níjòókòó, gbogbo ẹni tó ṣe é ló sì máa jókòó yípo sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìjókòó yípo yẹn làwọn olùkọ́ máa ń gé kúrò torí aago ti lù. Tí ẹ ò bá ní àyè fún un, ẹ má bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ má sì wo fídíò kí ẹ wá fi bùláńkẹ́ẹ̀tì ilé yín ṣe é.

Fún ọ̀sẹ̀ yẹn, lẹ́tà gbọ́dọ̀ ti délé ní ọjọ́ méje ṣáájú, kó sọ ọjọ́ tí ẹ máa kọ́ ọ gan-an. Ẹ kọ nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ àwọn tó la residential school kọjá àti ẹbí wọn sí i: 1-866-925-4419, tọ̀sán-tòru. Má fi ẹ̀kọ́ yẹn sí ọjọ́ Ẹtì. Ọmọ tó bá gbé e délé kò ní rí olùkọ́ bá sọ̀rọ̀ títí di Ọjọ́ Ajé. Ẹ sì parí rẹ̀ síbi táwọn èèyàn ti ṣe nǹkan sí i: ẹjọ́ tí àwọn tó là á já pè, ìtọrọ àforíjì ìjọba ní ọjọ́ 11 Oṣù Kẹfà 2008, ìgbìmọ̀ òtítọ́ àti ìlàjà tó jókòó láti 2008 sí 2015, ìpè 94 fún ìgbésẹ̀ tó gbé jáde. Ìpè 62 gan-an ló bèèrè ẹ̀kọ́ tí TíṣàTuntun fẹ́ kọ́ yìí. Ẹ ka á sétí wọn.

Ọmọ_Yípo
Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ̀rọ̀ nípa pípe àgbà wá sí kíláàsì, ibẹ̀ ni àṣìṣe pọ̀ sí.

Kì í ṣe gbogbo arúgbó ni wọ́n ń pè ní Elder. Àwùjọ rẹ̀ ló ń mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹ bá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ọmọ ìbílẹ̀ ní school division yín sọ̀rọ̀, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Lọ́dọ̀ Anishinaabe àti Cree, tábà lẹ fi ń bẹ̀bẹ̀: ẹ dì í sínú aṣọ kékeré, ẹ gbé e fún un nígbà tí ẹ ń bèèrè, ẹ sọ ohun tí ẹ ń fẹ́ gan-an. Tó bá gbà á, ó ti gbà láti ṣe é. Fífún un lẹ́yìn tó sọ̀rọ̀ tán bí ẹni dúpẹ́, ó ti pẹ́ jù. Inuit kì í lo tábà báyìí. Métis, àwọn kan ń lò ó, àwọn kan kì í lò ó, ẹ bèèrè.

Tábà kì í ṣe owó iṣẹ́. Owó iṣẹ́ wà lọ́tọ̀, ẹ mú un dání lọ́jọ́ náà. Fọ́ọ̀mù olójú-ewé mẹ́rin tí wọ́n máa ń fún àgbà ní kó buwọ́ lù, kí owó tó jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìwà àfojúdi ni. Ẹ bá ọ́fíìsì parí ìyẹn ṣáájú. Àga tó ní ìfẹ̀yìntì, tíì tàbí omi, ẹni tó máa pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀. Ẹ má ya fídíò àyàfi tó bá ní kí ẹ yà á.

Bó bá fẹ́ sun ewé smudge (sage, sweetgrass, cedar), tí wọ́n ń fi èéfín rẹ̀ wẹ ara mọ́, ẹ sọ fún ẹni tó ń bójú tó ilé kó mójú tó ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn èéfín, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ mọ ọmọ tó ní ikọ́ efée. Ọmọ tí kò bá fẹ́ lè dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í léèrè.

Ohun kan tó ń ya àwọn olùkọ́ lẹ́nu: lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ Anishinaabe àti Cree, àwọn ìtàn kan wà tí wọn kì í sọ àfi nígbà tí yìnyín bá wà nílẹ̀. Tí ẹ bá ní kí àgbà sọ ìtàn Nanabush (bí ìtàn Ìjàpá tiwa) ní Oṣù Kẹfà, ó lè rẹ́rìn-ín músẹ́ kó sọ nǹkan mìíràn. Kò gbàgbé ohun tí ẹ bèèrè.

Ẹfunìkọ̀wé
Métis kan wà ní kíláàsì, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ gbólóhùn kan lásán. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé "Métis ni ẹni tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ òyìnbó." Ìran ni wọ́n, etí Red River tí ẹ wà yẹn ni wọ́n ti ṣẹ̀, wọ́n ní èdè, ìtàn àti ìjọba. Èdè wọn, Michif, gbàfiyèsí: ọ̀rọ̀-orúkọ láti inú Faransé, ọ̀rọ̀-ìṣe láti inú Cree. Òfin Manitoba ti 1870, tó jáde lẹ́yìn ìdìde tí Louis Riel, olórí àwọn Métis, ṣáájú, ya mílíọ̀nù kan àti 400,000 éékà sọ́tọ̀ fáwọn ọmọ Métis. Pípín rẹ̀ falẹ̀, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ní 2013 Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé ìjọba kò ṣe ojúṣe rẹ̀. Láti 1870 sí 2013: okùn Ẹ̀gbọ́nTíṣà yẹn tún máa wúlò.

Fún iye èèyàn, ìkànìyàn 2021: 1,807,250, ìyẹn 5% gbogbo Kánádà. First Nations 1,048,405, Métis 624,220, Inuit 70,545. Ẹ ní kí wọ́n ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Kò ní bára mu, 64,080 ló máa ṣẹ́kù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá ìdí rẹ̀ fúnra wọn: àwọn tó mú ju ìran kan lọ wà níbẹ̀, àti àwọn tó ní ìwé ẹ̀rí ìjọba pé ọmọ ìbílẹ̀ ni wọ́n láìmú ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn reserve kan sì wà tí ìkànìyàn náà kò kà tán.

TíṣàTuntun
Ẹ ṣeun gan-an. Dreamcatcher ti kúrò. Mo ti yí i padà: ọ̀sẹ̀ kìíní, omi, ìkejì, Treaty 1 àti Treaty 3, pẹ̀lú Métis, ìkẹta, residential school, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú, ìkẹrin, àgbà kan, àti ohun tó ń lọ báyìí. Méjì ló kù tí mo fẹ́ bèèrè. Ṣé ó dáa kí n ní káwọn ọmọ Cree méjì yẹn sọ ti ilé wọn? Kí sì ni kí n fi ṣe ìdánwò?

ÌyáOníwèé
Má pè wọ́n. Bí wọ́n bá na ọwọ́, jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Bí wọn ò bá nà á, ọmọ ọdún 11 ni wọ́n, aṣojú ìran kọ́. Wọ́n lè má mọ̀, wọ́n lè má fẹ́. Ó sì ṣeé ṣe kí ọmọ kan wà lọ́dọ̀ alágbàtọ́, láìjẹ́ pé ìwọ mọ̀. Nínú ìkànìyàn 2021, ọmọ ìbílẹ̀ jẹ́ 53.8% nínú àwọn ọmọ tí kò tíì pé 15 tó wà lọ́dọ̀ alágbàtọ́, bẹ́ẹ̀ wọn ò ju 7.7% gbogbo ọmọ tọ́jọ́ orí wọn jọra. Nítorí náà, "ẹ ya igi ìdílé yín" kò sí nínú ẹ̀kọ́ yìí. Bá ìdílé àwọn ọmọ náà sọ̀rọ̀ ṣáájú ọ̀sẹ̀ kẹta.

Ẹ̀gbọ́nTíṣà
Ìdánwò: má fún ẹnikẹ́ni ní máàkì lórí bó ṣe dùn ún tó. Ọmọ á yára mọ̀ pé ìbànújẹ́ ló ń gba máàkì, á sì kọ ọ́ fún ọ. Má ní kí wọ́n há ìkéde ilẹ̀ (ọ̀rọ̀ tó ń dárúkọ ìran tó ni ilẹ̀) tí wọ́n ń kà láàárọ̀ sórí.

Ìbéèrè mẹ́ta tó. Èkíní: fún wọn ní máàpù tí kò ní orúkọ, kí wọ́n fi Shoal Lake, ọ̀nà omi, kànáà àti Winnipeg sí i, kí wọ́n kọ gbólóhùn mẹ́rin tí "nítorí" wà nínú rẹ̀. Èkejì: gbólóhùn kan láti inú Treaty 1 àti ìlérí ìta kan, kí wọ́n sọ ohun tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan rò pé òun gbà. Ẹ̀kẹta: nǹkan kan tí ìran kan ń ṣe fúnra rẹ̀ lónìí. Naawi-Oodena wà nítòsí yín: bárékè ológun Kapyong tẹ́lẹ̀, bíi éékà 160, tí apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ di reserve àwọn orílẹ̀ méje Treaty 1 láàárín ìlú ní ìparí 2022. Éékà 160 yẹn, wọ́n ti rí i ní ọ̀sẹ̀ kejì. Wò ó bóyá ẹnì kan máa rántí láìjẹ́ pé o sọ ọ́.

Ọmọ_Yípo
TíṣàTuntun, ọ̀sẹ̀ kẹrin lẹ fi àgbà sí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ni ìbéèrè sì yẹ kó ti lọ. Ẹ pe ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yẹn lọ́la.

TíṣàTuntun
Mo ti fi í-meèlì ránṣẹ́ báyìí. Màá ra tábà lópin ọ̀sẹ̀.